Ọ̀sẹ̀ Méje Tí Mo Fi Kọ́ Àlejò ní Ìkíni

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án

Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá dípò aago mẹ́sàn-án tí a kọ sínú ìwé ìpè. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí èyí.

Onímọ̀ràn tí ìgbìmọ̀ gbà láti kọ́ ìkànnì ìwé ẹ̀rí ìbí fún ilé ìwòsàn wa gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì níwájú àgbà, ó sì ṣàlàyé pé férémùwọ́ọ̀kì, egungun ètò tí òun fi kọ́ ọ, kò gbọ́ ju mẹ́rin lọ nínú èdè dátábéèsì, àká tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ sí, tiwa kò sì sí nínú wọn. Nítorí náà, kí a kó àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn sínú dátábéèsì tuntun, kí a sì pa èyí àtijọ́.

"Ọdún méjìlélógún tó ṣáájú ńkọ́?" Èmi, olórí yàrá àkọsílẹ̀, ni mo béèrè.

"Màámi, ìwé wọn ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ilé."

Ìwé ìsàlẹ̀ ilé! Ikán ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, omi sì ti fọwọ́ ba ìyókù. Mo ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ nígbà náà. Ó ní yóò gba ọdún kan gbáko, ìgbìmọ̀ kò sì ní ọdún kan. Mo ní ṣé férémùwọ́ọ̀kì rẹ̀ kò lè kọ́ èdè karùn-ún ni. Ó ní kò ṣeé ṣe. Mo ka iye ìgbà tí gbólóhùn yìí jáde lẹ́nu rẹ̀: ó jẹ́ méje. Onímọ̀ ẹ̀rọ wa, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, rọra sọ sí mi létí pé, "Ọ̀gbẹ́ni Kò-Ṣeé-Ṣe." Láti òní lọ, orúkọ rẹ̀ nìyẹn nínú ìwé yìí.

Mo dìde. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́ àlejò yín ní èdè ilé wa. Bí n kò bá rí i ṣe, kí ẹ pa dátábéèsì wa."

Ọ̀gá Àgbà ilé ìwòsàn gbé òfin kalẹ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ yóò mú ọgọ́rùn-ún orúkọ láti inú ìwé ìsàlẹ̀ ilé, wọn yóò sì wá wọn lórí ìkànnì. Bí gbogbo wọn bá jáde, dátábéèsì wa yóò dúró. "Ọgọ́rùn-ún, Màmá. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ò tó o."

Ó lé ní ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ọmọ tí a ti bí níbí. Bí n kò bá yege, ẹni tí a bí níwájú wa ní ogún ọdún sẹ́yìn yóò dé ojú fèrèsé, a ó sì sọ fún un pé a kò mọ̀ ọ́n rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì

Mo lọ wo Ìyá Àgbà ní yàrá rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ dátábéèsì náà bẹ́ẹ̀, n kò sì bá wọn wí, nítorí pé orúkọ náà bọ̀wọ̀ fún un. Èmi ni mo kọ́ ọ nígbà tí mo jẹ́ ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ilé iṣẹ́ tí ó ta èdè rẹ̀ fún wa ti kógbá sílé tipẹ́. Ẹ̀dà ìwé ìlànà kan ṣoṣo tí mo mọ̀ pé ó ṣẹ́kù ló wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, tí mo fi páálí bò. Ìyá Àgbà kò ṣàìsàn rí. Yàrá ìbímọ márùn-ún ṣì ń kọ ọmọ tuntun sí i lójoojúmọ́. Ẹni tó ń mí ni wọ́n fẹ́ sin.

Mo ti sọ férémùwọ́ọ̀kì ọ̀hún ní Àlejò. Ohun tí mo ní láti kọ́ sí àárín wọn ni ògbufọ̀: ètò kan tí yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu Àlejò, tí yóò tún un sọ bí Ìyá Àgbà ṣe ń gbọ́ ọ, tí yóò sì gbé èsì padà. Iṣẹ́ àárọ̀ àti ọ̀sán ni n ó fi ṣe. N kì í ṣiṣẹ́ kọjá aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, n kò sì ní torí Kò-Ṣeé-Ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrin

Mo rí ògbufọ̀ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ọkùnrin kan ní òkèèrè kọ fún irú dátábéèsì wa. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí ó ti fọwọ́ kàn án kẹ́yìn. Mo kọ lẹ́tà sí i. Mo kí i, mo béèrè àlàáfíà ilé rẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, kí n tó gbé ìbéèrè mi kalẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín kà á láti ẹ̀yìn mi.

"Ìyá wa, lẹ́tà à ń tọrọ ìyàwó nìyí o. Ojú ewé kejì ni ìbéèrè yẹn wà!"

"Ẹni tí a kò bá kí, a kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í ní nǹkan."

"Ó dáa mà. Tó bá ti kú ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ rẹ̀ yóò rí i pé ẹni iyì ló kọ̀wé sí bàbá wọn."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí agbẹ̀bí fi yọjú láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ooru mú púpọ̀. Páálí ìwé ìtẹ̀wé kan ti tún gbówó lórí, ẹ̀ẹ̀kejì láàárín oṣù mẹ́ta.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹjọ

Àlejò kan ilẹ̀kùn, Ìyá Àgbà tì í mọ́ ọn lójú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlélógún lónìí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógójì. Ọkọ mi, awọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tí kì í fi ojú fo nǹkan, sọ nídìí oúnjẹ pé, "Ìyá Ọmọ, o ti ń bá abọ́ sọ̀rọ̀." Mo ní irọ́ ni. Irọ́ kọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá

Mo ti rí i. Ojú ewé igba ó lé mẹ́rìnlá nínú ìwé ìlànà, níbi tí èmi fúnra mi ti fi pẹ́ńsù fàlà sí ìdí gbólóhùn kan ní ìgbà èwe mi: ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ irú álífábẹ́ẹ̀tì tí ó ń lò.

Ohun tí Àlejò ń ṣe láti ọjọ́ Ajé nìyí: ó ń dé ẹnu ọ̀nà, kò kí ẹnikẹ́ni, ó ní kí wọ́n gbé nǹkan fún òun. Èmi náà ì bá lé e. Mo kọ ọ́ sínú ògbufọ̀ pé kí ó kọ́kọ́ dúró, kí ó sọ álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ó sọ bí ó ṣe ń to ọjọ́ àti oṣù, kí ó gbọ́ èsì, kí ó tó la ẹnu béèrè ohunkóhun. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú méje ọ̀sán, ilẹ̀kùn ṣí. Àkọsílẹ̀ kan jáde sójú ìkànnì: ọmọbìnrin, kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀, òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Òun ni ọmọ àkọ́kọ́ tí a kọ sí Ìyá Àgbà.

Ẹlẹ́rìn-ín fò sókè, ó ń pàtẹ́wọ́. Mo ní kí ó jókòó, ọ́fíìsì nìyí. Lẹ́yìn náà mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni, mo sì rẹ́rìn-ín tó bí mo ṣe fẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó ku nǹkan kan. Àlejò a máa béèrè ọ̀rọ̀ tán pátá kí ó tó sọ ní ìgbẹ̀yìn pé ogún péré ni òun fẹ́ nínú rẹ̀. Ìyá Àgbà fẹ́ gbọ́ iye yẹn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò dáhùn. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ọkọ mi.

"Mo mọ ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀," ni ó wí.

"Ta ni?"

"Ẹni tó rán mi ní búrẹ́dì, tí mo ti dé ẹnu géètì kó tó ké sí mi pé méjì ni."

Mo kọ́ ògbufọ̀ láti máa gbé iye náà láti ìdí ọ̀rọ̀ wá sí orí rẹ̀. Mo tún kọ́ ọ ní bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, torí pé oókan àti òdo ni Àlejò fi ń sọ wọ́n, lẹ́tà ni ti Ìyá Àgbà. Nínú igba ìdánwò tí Àlejò fi ń yẹ ògbufọ̀ èyíkéyìí wò, a ti yege nínú àádọ́jọ. Ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni mí. Mo fẹ́ kí ìwé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Òjò. Iná lọ láti aago mẹ́jọ. Epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n débi pé yàrá ìbímọ nìkan ni wọ́n ń tàn án fún, bí ó sì ti yẹ nìyẹn. N kò ṣe nǹkan kan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Ojú tì mí lónìí. Agbẹ̀bí àgbà gun àtẹ̀gùn wá láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kan.

"Ta ló ti Ìyá Àgbà mọ́ wa lójú? Mo ti gbẹ̀bí ọmọ mẹ́ta láti àárọ̀, mi ò rí ọ̀kan kọ sílẹ̀! Ṣé kí n máa kọ wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, mà."

"Mi ò jókòó! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ní ká kan ilẹ̀kùn ká tó wọlé, àlejò yín ló gba gbogbo àga ilé!"

Òótọ́ ni. Àga mẹ́jọ péré ni Ìyá Àgbà ní. Ènìyàn mẹ́jọ ló lè bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbàkigbà tí Àlejò bá ní ìbéèrè, ó ń wọlé ní ọ̀tun, ó ń jókòó sórí àga mìíràn, kì í sì í dìde. Lágogo mẹ́wàá àárọ̀, òun nìkan ló jókòó sórí gbogbo wọn. Mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ agbẹ̀bí lórí ìdúró, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ìkan nínú wọn ní irun lórí bí ẹni pé ó ti lọ sọ́dọ̀ onídìrí. Nígbà tí agbẹ̀bí ń lọ, ó ní, "Ẹ kọ́ ọ kó máa dìde o." N ó kọ́ ọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọkùnrin òkèèrè fèsì! Ó ti pé ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ó sì kí mi kí ó tó dáhùn ìbéèrè kankan. Ó ní kò sẹ́ni tó ti béèrè àlàáfíà òun nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí. Ó fi ọ̀nà kan hàn mí tí a fi lè pín àga méjì péré fún Àlejò, kí ó máa lò wọ́n ní àlòtúnlò, kí ó sì dìde lójú ẹsẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti parí. Mo ti ṣe é. Mo ní kí Ẹlẹ́rìn-ín ka lẹ́tà náà sókè. Ó kà á, kò sì ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Igba nínú igba. Gbogbo ìdánwò ni ògbufọ̀ yege.

Kò-Ṣeé-Ṣe yà wá wò. Ó jókòó sórí tábìlì. Tábìlì mi.

"Màámi, mo gbọ́ pé ẹ ti ń bá ẹ̀rọ ṣeré."

"Àga wà lẹ́yìn yín, sà."

Ó sọ̀kalẹ̀. Ó wo ìwé ètò náà fún bí ìdajì wákàtí. Nígbẹ̀yìn ó ní, "Kó sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí kó rí nǹkan. Ọgọ́rùn-ún orúkọ, mà. Ẹ má gbàgbé." Ó ní ìgbéraga, ṣùgbọ́n kì í ṣe òmùgọ̀. Bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ìyẹn, mo gbà fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù kẹwàá

A fi àádọ́ta orúkọ dán ara wa wò. Ìyá Ìbejì, akọ̀wé tó ti ń jókòó sójú fèrèsé wa fún ogún ọdún, ló ń ka orúkọ àwọn ìyá láti inú ìwé ìsàlẹ̀ ilé. Orúkọ ìyá ni a fi ń wá àkọsílẹ̀, torí pé ọmọ kì í tí ì ní orúkọ lọ́jọ́ tí a bí i. Ẹlẹ́rìn-ín ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n jáde. Mọ́kàndínlógún kò jáde.

A tún un ṣe. Mọ́kàndínlógún kan náà ni.

"Ó jọ ọ́ bíi pé wọ́n sá pamọ́ fún wa ni," Ìyá Ìbejì wí. "Ẹ wò ó, mà, èmi fúnra mi wá obìnrin yìí lójú fèrèsé lọ́dún tó kọjá. Mo rí i! Wẹ́rẹ́ ló jáde."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló kù.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà

Mo ní láti kọ èyí sílẹ̀ bí ó ti rí.

Mo ní kí Ìyá Ìbejì wá obìnrin náà lójú mi, ní ọ̀nà àtijọ́, gẹ́lẹ́ bí ó ṣe ń ṣe é fún ará ìta. Kí ó tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, ó yíjú sí mi bí ẹni pé oníbàárà ni mí, ó sì béèrè pé, "Báwo ni wọ́n ṣe máa ń pe màmá yín? Ìyáàfin ni àbí Dókítà?" Mo lọ ṣí ìwé òfin wa.

Òfin kẹta nínú ìwé òfin yàrá àkọsílẹ̀, tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn: *A kò gbọdọ̀ kọ orúkọ ìyá ọlọ́mọ ní ìhòòhò bí ó bá ju akọ̀wé lọ lọ́jọ́ orí, oyè tàbí iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó ṣáájú.* Kò sí àyè fún oyè nínú Ìyá Àgbà, nítorí náà inú àyè orúkọ ni a kọ ọ́ sí. Ẹni tó wà lójú fèrèsé mọ̀ láti béèrè. Ìkànnì kì í béèrè. Ó ń wá orúkọ níbi tí oyè jókòó sí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n tó jáde ni ọmọ àwọn ìyá tí wọ́n kéré ju akọ̀wé lọ.

Àwọn ọmọ tí a bọ̀wọ̀ fún ìyá wọn ni mo fi pamọ́.

Mo sọ fún Ẹlẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo rí i tí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá wa, ọ̀wọ̀ yín ló ti gbogbo wọn mọ́ta." Lẹ́yìn náà ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí a tún un ṣe ní jẹ́ẹ́jẹ́. N kò tí ì pinnu.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹjọ

N kò ní fọwọ́ kan àkọsílẹ̀ àtijọ́ kankan. Àkọsílẹ̀ kì í ṣe pátákó ìkọ̀wé tí a ń nù. Ohun tí a ó ṣe ni pé a ó to gbogbo oyè tó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí Àlejò bá béèrè orúkọ, ògbufọ̀ yóò kọ́kọ́ ṣí fìlà oyè náà lórí kí ó tó wo ojú ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì ń pè, Ẹlẹ́rìn-ín ń kọ. Àwọn akọ̀wé mi ti ṣe ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe, wọ́n sì tún ṣe é kọjá ààlà: Ìyáàfin, Dókítà, Nọ́ọ̀sì, Olùkọ́, Adájọ́. Lẹ́yìn náà: Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ìyàwó Ọ̀gá Ọlọ́pàá. Ẹ̀gbọ́n Wa Àgbà.

"'Ìyá Tó Ń Kígbe'," ni Ìyá Ìbejì kà.

"Ta ló kọ ìyẹn?"

Ó wo nọ́ńbà òṣìṣẹ́ náà. "Èmi ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, obìnrin yẹn kígbe gan-an ni."

Ẹlẹ́rìn-ín fi orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo bá Ìyá Ìbejì wí gidigidi. Mo rò pé n kò fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlá

Oyè mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ọkọ mi gbé tíì wá, ó ka àtòkọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní, "Kò sí 'Ìyàwó Awọnlẹ̀' níbẹ̀." Mo ní a kò bí ọmọ wa kankan níbẹ̀ lẹ́yìn tí mo ṣe òfin náà. Ó ní òun kàn sọ ọ́ ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Àádọ́ta nínú àádọ́ta. A mú àádọ́ta mìíràn: gbogbo wọn jáde. Òjò rọ̀ láti àárọ̀, kò sì dí mi lọ́wọ́ kankan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo lọ aṣọ mi fúnra mi. Ọ̀la ni.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Wọn kò pẹ́ lónìí. Ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́fà, Ọ̀gá Àgbà lórí àga, ìwé ìsàlẹ̀ ilé tó lé lógún lórí tábìlì, òórùn ikán ń tú jáde lára wọn. Ìgbìmọ̀ ń ṣí ojú ewé tó bá wù wọ́n, Ìyá Ìbejì ń ka orúkọ ìyá tó bá wà níbẹ̀. Mo béèrè pé kí Kò-Ṣeé-Ṣe fúnra rẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìkànnì, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọwọ́ wa kò mọ́.

Ogún jáde. Ogójì jáde. Nígbà tí a dé ọgọ́ta, Ọ̀gá Àgbà gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀, ó kàn ń wò. Ẹlẹ́rìn-ín ń fi ẹnu kà á láìsí ohùn. Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún.

Ìyá Ìbejì ka ìkẹyìn. Kò-Ṣeé-Ṣe tẹ̀ ẹ́. Ojú ìkànnì kọ ọ́ pé kò sí àkọsílẹ̀ kankan.

Ó tún un tẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò sí.

"Ẹ tún orúkọ yẹn kà," ni Ọ̀gá Àgbà wí, Ìyá Ìbejì sì tún un kà: orúkọ ìyá, ọmọkùnrin, ọ̀sán, ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn.

Ìgbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì ni mo tó mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó kọ́ mi ní ìṣirò nílé ẹ̀kọ́ girama ni. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni nígbà tó bí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wa. Èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì ìkọ̀wé lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe gbé ọwọ́ sókè láti kọ Ìyáàfin, ọwọ́ mi kọ̀. Gbogbo ayé ni Ìyáàfin. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe ń pè é lọ́kàn mi: Olùkọ́ Mi. Ògbufọ̀ mọ Olùkọ́, ó sì ti ṣí i kúrò lórí. "Mi" yẹn ló kù síwájú orúkọ, tó dí ojú ọ̀nà.

Mo lè sọ pé ìwé ló ṣàṣìṣe. Ikán wà níbẹ̀ tí yóò jẹ́rìí.

Mo dìde. Mo ní, "Ọ̀gá Àgbà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, àkọsílẹ̀ náà wà níbẹ̀. Èmi ni mo fi pamọ́." Mo sọ gbogbo rẹ̀: òfin kẹta, mọ́kàndínlógún tí kò jáde, oyè mẹ́tàlélọ́gọ́ta, àti ẹni tí obìnrin yìí jẹ́ sí mi. Mo ní ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Àlejò, kì í sì í ṣe ti Ìyá Àgbà tàbí ti akọ̀wé kankan. Mo wá tọrọ àyè láti fi oyè kan kún àtòkọ náà níṣojú gbogbo wọn.

Ọmọ ìgbìmọ̀ kan ní, "Ṣé ìyẹn ò ní jẹ́ ojóóró?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ̀yin ni ẹ ó dá ẹjọ́ rẹ̀."

Ọ̀gá Àgbà ní, "Ẹ fi kún un, Màmá. Ká kọ́kọ́ rí i ná."

Mo kọ ọ̀rọ̀ méjì náà sílẹ̀. Kò-Ṣeé-Ṣe tẹ orúkọ kan náà. Ó jáde: ọmọkùnrin, aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú ọ̀sán. Ní ìsàlẹ̀, nọ́ńbà òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́ sílẹ̀. Tèmi ni.

Ọ̀gá Àgbà yíjú sí i. "Ọ̀gbẹ́ni, ẹ̀yin lẹ ń tẹ̀ ẹ́. Mélòó ni?"

Mo mọ̀ pé bí ó bá sọ mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, kò purọ́. Ó dìde lórí àga rẹ̀, ó sì fa ẹ̀wù rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ béèrè bóyá ìkànnì yìí lè rí ọmọ tí wọ́n kọ sílẹ̀, sà. Wọ́n kọ ọgọ́rùn-ún, mo rí ọgọ́rùn-ún. Èyí tó kẹ́yìn, àṣìṣe tẹ́nìkan ò lè mọ̀ ni, àyàfi ẹni tó ṣe é. Ó sì sọ ọ́ fúnra rẹ̀." Ó wò mí. "Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé èmi ni mo ní kò ṣeé ṣe."

"Ẹ̀ẹ̀meje," ni Ẹlẹ́rìn-ín wí. Mo wò ó, ó sì dákẹ́.

Ẹni márùn-ún nawọ́ sókè; ọmọ ìgbìmọ̀ tó ní ojóóró kò nawọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Ọ̀gá Àgbà fọwọ́ sí ìwé náà. Ìyá Àgbà dúró.

Ọkọ mi béèrè nílé pé báwo ni. Mo ní ó dára. Ó ní, "Ó dára nìkan?" Mo wá jókòó, mo sì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì yangàn, n kò sì tọrọ àforíjì fún un.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlélógún

Ọjọ́ kẹta tí ìkànnì ti ṣí sílẹ̀ fún ará ìta. Àkọsílẹ̀ òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún ni àwọn ènìyàn ti gbà láti ilé wọn. Bí òṣìṣẹ́ kan bá dé ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà lónìí, àga yóò wà fún un.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Ìyá Ìbejì yọjú sí mi. "Ẹ wá wo nǹkan, mà."

Mo tẹ̀lé e jáde. Bẹ́ǹṣì gígùn tó wà níwájú fèrèsé wa ṣófo láti ìkangun dé ìkangun. Fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, n kò rí igi bẹ́ǹṣì náà ní irú àsìkò yẹn rí. Ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ènìyàn ni mo máa ń rí, àti ìdí àpò. Àárín rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, ó sì ń dán bí ìdí ìkòkò tí a fọ̀. Mo jókòó síbẹ̀. Ó le díẹ̀.

Ìyá Ìbejì ti padà sẹ́yìn fèrèsé. Ó fi ohùn tí ó ń lò fún ará ìta pè mí.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Kí la lè bá yín ṣe?"

"Kò sí," ni mo wí. "Ẹ ti ṣe é."